Ẹ̀KỌ́ WA FÚN ÌGBÀ YÌÍ: ÌTỌ́JÚ PIKỌ́Ọ̀PÙ ẸGBẸ́ TÍ Ó TI DÀGBÀ

Nínú ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ lónìí, a kò ní sọ̀rọ̀ lórí èlé owó, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń ka ìwé ìṣirò ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà lábẹ́ àjọ wa ni ó ní pikọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, tí pikọ́ọ̀pù náà sì ju àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ lọ ní ọjọ́ orí. Òun ni ó ń kó kòkó láti oko dé sítọ́ọ̀, òun ni ó ń kó ajílẹ̀ àti oògùn kòkó bọ̀ wá sílé, òun náà ni a sì ń sá tọ̀ lọ bí aláboyún bá ń rọbí lóru.

Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti tú Ìgbìmọ̀ Kòkó ká, ọwọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó wà láti wá ọ̀nà tí ẹrù rẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá dùbúlẹ̀ ní oṣù kọkànlá, tí kòkó ń jáde lọ́tùn-ún lósì, ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá sí abúlé ni yóò dá iye lé kòkó wa. Yóò sọ iye tí ó wù ú, a ó sì gbà á, nítorí pé kòkó tí ó wà nílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti bíréèkì kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ni.

A mú Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ owó. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to Peugeot pọ̀ ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò sì to 504 mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tí ó bá dé Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Mushin yóò rí ohun èlò rẹ̀ rà, àtuntun àti àlòkù. Ẹgbẹ́ tí tirẹ̀ bá jẹ́ Toyota tàbí Datsun, ẹ̀kọ́ náà bá a mu, àyàfi níbi tí a bá ti dárúkọ 504 gan-an.

ÌṢẸ́JÚ MẸ́WÀÁ NÍ ÒWÚRỌ̀

Òwúrọ̀, kí a tó ta ọkọ̀, ni àyẹ̀wò tí ó dára jù lọ. Ẹ́ńjìnnì tutù, ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, omi rédíétọ̀ kò sì lè jó ẹnikẹ́ni. Kí awakọ̀ tó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa tí ń mu nǹkan, kí a tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀ lálẹ́, ojú páálí ni yóò jẹ́rìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru. Bí ó bá jẹ́ dúdú tí ó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bí ó bá jẹ́ omi lásán níwájú ọkọ̀, rédíétọ̀ ni kí a wò, tàbí àwọn ọ̀pá rọ́bà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí ó ṣàn bí omi tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ inú táyà ni ó ti ń kán, ọ́ìlì bíréèkì ni. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, àní bí ó bá ṣe ọjọ́ ọjà.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, kí ó fi àkísà nù ún, kí ó kì í bọ̀ ọ́ padà, kí ó tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì yẹ kí ó wà. Kí ó má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ àmì kejì, kí ó má sì ṣe kọjá ti òkè, nítorí pé àwọn kan rò pé bí a bá bu ọ́ìlì púpọ̀ sí i ni ẹ́ńjìnnì yóò gbádùn. Ọ́ìlì tí ó pọ̀ jù yóò máa fọ́n jáde ní gbogbo ojú rọ́bà, owó ẹgbẹ́ ni ó sì ń kán sílẹ̀ yẹn.

Ọ́ìlì tí ó dúdú kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń kó jọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Èyí tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá ni ọ́ìlì tí ó funfun bí tíì tí a da mílíìkì sí: omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá sì ń rùn bí bẹntiróòlù, bóyá awọ inú pọ́ǹpù epo ti ya, epo sì ń jò sínú ọ́ìlì. Ọ̀kan ò dára nínú méjèèjì, kí a pe mẹkáníìkì.

Ìgbà wo ni kí a pààrọ̀ ọ́ìlì? Bí ọkọ̀ bá rìn tó kìlómítà 5,000, ọ́ìlì rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Èyí tí ó ń rìn ní ọ̀nà oko, tí ó ń mu eruku ọyẹ́, tí ó sì ń gbé ẹrù gun òkè, kí a má jẹ́ kí ó ju 3,000 lọ. Àsẹ́ ọ́ìlì náà gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ ra ọ́ìlì nínú agolo tí a kò tíì ṣí, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì ògbólógbòó tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú agolo tuntun. Ọ́ìlì tí a bá fà sílẹ̀, kí a má ṣe dà á sí ẹ̀bá odò. Ẹ fi sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi kun òpó ọgbà rẹ̀ kí ikán má bàa jẹ ẹ́, kí ó wá gbà á.

OMI

Bí a bá ní kí a ka ohun tí ó ń pa ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó ní ilẹ̀ wa, ooru àpọ̀jù ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Rédíétọ̀ ti gbó, ìdọ̀tí ti dí ihò inú rẹ̀, a sì ń bu omi odò sí i lójoojúmọ́. Omi odò àti omi kànga ní ẹrẹ̀ àti iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Bí ó bá gbóná, ìyẹn yóò gbẹ mọ́ inú rédíétọ̀ bí èyí tí a ń rí nínú ìdí kẹ́tùrù. Omi òjò tí a gbè sínú agbada tí ó mọ́ sàn jù wọ́n lọ. Kí ẹgbẹ́ ní kẹ́ẹ̀gì omi òjò kan tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bù ú mu.

Rédíétọ̀ tí ó ń mu omi lójoojúmọ́ láìjò sílẹ̀, ibì kan ni omi náà ń lọ. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó tutù, kí ẹ ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa wo omi náà. Bí ó bá ń hó lọ́wọ́ bí ìgbà tí ẹja ń mí sókè, tí ẹ̀fin funfun sì ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi gbóná, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti fẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ máa bu omi sí i lọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn yín. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì lónìí, owó odindi ẹ́ńjìnnì lọ́la. Ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Omi inú rẹ̀ kò ní hó níwọ̀n ìgbà tí a bá dé e pa, ṣùgbọ́n bí a bá ti tú ìdérí, yóò hó lójijì, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i. Kí a dúró kí ó tutù. Bí ẹni tí ó ra kòkó bá ń bínú, kí ó bínú.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn, a sì fẹ́ sọ èrò wa nípa wọn. Èkíní ni kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì dànù pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí ó yẹ kí ó fi ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tutù jù ní òwúrọ̀ ọyẹ́, yóò máa mu epo, inú rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, rédíétọ̀ ni kí a lọ fọ̀. Èkejì ni ti fáánù 504. Bí Peugeot ṣe ṣe é, fáánù náà kì í yí nígbà gbogbo. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ó ń fà á mú nígbà tí omi bá gbóná tó, tí ó sì ń jù ú sílẹ̀ nígbà tí omi bá tutù. Iná mànàmáná ni ó ń bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí wáyà bá sì gbó, àwọn mẹkáníìkì a fi bóòtù dì í pa kí ó lè máa yí títí. Ó ń gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, òótọ́ ni, ó sì ń mu epo díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fún pikọ́ọ̀pù àgbà tí ń gbé ẹrù gun òkè, a kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Fáánù tí ó ń yí láìsinmi sàn ju fáánù tí wáyà rẹ̀ já ní àárín igbó.

Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ fáàǹbẹ́ẹ̀tì ní àárín. Bí ó bá wọlẹ̀ tó ìwọ̀n ìbú ìka kan, ó dára. Bí ó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa yọ̀, omi kò ní yí, bátìrì kò sì ní gba iná.

BÍRÉÈKÌ

Níbi yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Bíréèkì ọkọ̀ bíi 504 ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń ti ọ́ìlì láti inú másítà sìlíńdà, tí ọ́ìlì náà ń gba inú ọ̀pá tín-ín-rín lọ sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ti páádì tàbí láínì mọ́ irin tí ń yí. Àwọn rọ́bà kéékèèké ni ó ń dá ọ́ìlì náà dúró kí ó má jò. Bí rọ́bà kan bá gbó, bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ̀pá, agbára ẹsẹ̀ kò ní dé ibi tí a rán an.

Ọkọ̀ a máa sọ̀rọ̀ kí bíréèkì tó já. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó wọlẹ̀ jìnnà, tí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì tí ó wá le, ó ṣeé ṣe kí láínì ẹ̀yìn ti jẹ tí ó sì nílò kí a sún un mọ́ irin, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ̀pá. Bí ó bá rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ kànrìnkàn, afẹ́fẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, kí a wo ìdí táyà méjèèjì, bóyá ọ́ìlì ti jò sórí láínì ọ̀kan. Bí irin bá sì ń ha irin pẹ̀lú ariwo, páádì ti tán. Èyí tí ó burú jù ni bíréèkì tí ó le nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí a bá gbé ẹsẹ̀ lé e láìgbé e kúrò. Bí ọ́ìlì kò bá jò síta níbì kankan, rọ́bà inú másítà sìlíńdà ni ó ti gbó.

Ẹgbẹ́ kan wà ní apá Oǹdó tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Awakọ̀ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, dìde ní ìpàdé ìgbìmọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Bíréèkì yìí ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe kí a tó kó kòkó.”

Alága bi í léèrè pé, “Ṣé kì í mú ọkọ̀ dúró ni?”

“Ó ń mú un dúró, Bàbá, ṣùgbọ́n—”

“Bí ó bá ń mú un dúró, rọra máa wà á. Kòkó wà nínú oko, òjò sì ń bọ̀.”

Ní ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú àpò kòkó 18 lẹ́yìn ọkọ̀, bíréèkì wọlẹ̀ dé ìdí ní orí òkè. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó já jíà sílẹ̀ sí kejì, ó rọra ń fa bíréèkì ọwọ́, ó sì darí ọkọ̀ náà sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹnìkan. Kò sí ẹni tí ó kú. Àpò kòkó mẹ́fà ya sínú kòtò omi. Rọ́bà másítà sìlíńdà tí wọn kò fẹ́ rà kò tó owó àpò kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, alága náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé bí awakọ̀ bá sọ pé bíréèkì kò dára, ọkọ̀ kò ní kúrò, kò sì sí ẹni tí ó lè pa àṣẹ náà dà, títí kan alága fúnra rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní irú òfin yìí, ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí ọ́ìlì bíréèkì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, bí ó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa mú kí rọ́bà bíréèkì wú kí ó sì rọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ yóò di ohun ìdànù. Omi ọṣẹ tí àwọn kan ń dà sí i kò sàn jù ú lọ. Ọ́ìlì bíréèkì gan-an a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà agolo tí a bá ti ṣí tí a gbé sórí pẹpẹ fún ọdún kan kò yẹ ní lílò mọ́. Ó dára kí a fa ti inú ọkọ̀ jáde kí a sì fi tuntun sí i ní ọdún méjì-méjì.

ẸRÙ

Àpò kòkó 16 ni ó ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Àpò kan jẹ́ kìlógíráàmù 62.5. Pikọ́ọ̀pù 504 ni a ṣe fún ẹrù tọ́ọ̀nù kan ó lé díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Bí a bá di àpò 25 sí i, ó di kìlógíráàmù 1,562.5. Bí ènìyàn márùn-ún bá tún gun orí àpò, tí a ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí kìlógíráàmù 60, ó di 1,862.5. Ọkọ̀ náà yóò gbé e, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí a ṣe fún ẹrù kan ni ó fẹ́ dá ẹrù méjì dúró. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ń tẹ̀, táyà ń gbóná, iwájú ọkọ̀ sì fúyẹ́ débi pé ọwọ́ ìdarí kò mú ilẹ̀ dáadáa mọ́. Ìrìn méjì tí ó pé sàn ju ìrìn kan tí ó já sí oko ẹ̀gẹ́.

Ajílẹ̀ òyìnbó ni ọ̀tá páálí ẹ̀yìn ọkọ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ a máa jẹ irin kíákíá bí omi bá kàn án. Nígbà tí a bá kó ajílẹ̀ tán, kí a gbá ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a sì fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, títí dé abẹ́. A kò sì gbọdọ̀ kó kẹ́ẹ̀gì dísù tàbí oògùn pọ̀ mọ́ kòkó. Kòkó a máa gba òórùn mọ́ra, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò sì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

TÁYÀ, BÁTÌRÌ ÀTI EPO

Táyà tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ṣe wo ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àwọn lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, ẹ óò rí ìlà wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ tí ó sán. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á. Afẹ́fẹ́ táyà, òwúrọ̀ ni kí fọ́gánáísà wọ̀n ọ́ nígbà tí ó tutù, kí ti ẹ̀yìn sì ju ti iwájú lọ bí a bá fẹ́ di ẹrù, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ti sọ.

Bí a bá fẹ́ yọ táyà, kí a fi òkúta dí táyà tí ó kù, kí a fi pákó sí abẹ́ jáàkì bí ilẹ̀ bá rọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ìtì igi tí ó nípọn ni kí a gbé sí abẹ́ rẹ̀, kí a sì sọ ọkọ̀ lé e.

Orí bátìrì tí ó ti hu funfun, omi gbígbóná ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Omi bátìrì tí a ń tà nínú ike ni kí a fi kún un títí yóò fi bo àwọn páálí inú rẹ̀. Ẹ má ṣe bu ásíìdì sí i, ẹ má sì ṣe mu sìgá lórí rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù dúró, gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ojú wa rí. Ọkọ̀ tí a kò tọ́jú ń mu nínú owó yẹn lójoojúmọ́. Àsẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku dí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí, epo ni ó sì ń fi dípò. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a máa yọ ọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a rọra gbọ̀n ọ́ mọ́ igi. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé, kí a má ṣe fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá ń húkọ́ tí kò sì fẹ́ gun òkè, kí mẹkáníìkì yọ pílọ́ọ̀gì àti kọ̀ǹtáàtì sẹ́ẹ̀tì wò. Kọ̀ǹtáàtì tí ojú rẹ̀ jóná kíákíá léyìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kọndẹ́ńsà ni kí a fura sí. Kí wọ́n sì fi irin ìwọn tí ó wà fún un wọn àlàfo rẹ̀. A ti rí ẹni tí ó ń fi páálí sìgá wọ̀n ọ́.

ÌWÉ ỌKỌ̀ ÀTI OWÓ ỌKỌ̀

Ewúrẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá jọ ni, olúkúlùkù a máa rò pé ẹnìkejì ti fún un ní èèpo iṣu jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni pikọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ rí. A bá yín dá a lábàá pé kí ẹ ra ìwé kan tí yóò máa wà nínú ọkọ̀. Kí awakọ̀ kọ ọjọ́ sí i, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, epo tí a rà, ọ́ìlì àti omi tí a fi kún un, àti ohunkóhun tí ó gbọ́ tàbí tí ó rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ọ́ìlì tí a ń fi kún un bá ń pọ̀ sí i, ìwé yìí ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa, kí ẹ̀fin tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ìlú.

Bí a bá fẹ́ ra ohun èlò, kí ènìyàn méjì lọ, awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì pẹ̀lú ọmọ ìgbìmọ̀ kan. Kí wọ́n gba ìwé owó, kí wọ́n sì mú èyí tí ó bàjẹ́ bọ̀ wá sí ìpàdé kí gbogbo ènìyàn fojú rí i. Kì í ṣe pé a ń pe awakọ̀ ní olè. Ààbò ni ó jẹ́ fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ rere ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ọkọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà. Àlòkù tí ó ti òkè òkun wá ṣeé rà fún ilẹ̀kùn, bọ́ńẹ́ẹ̀tì tàbí gíábọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ bíréèkì àti ọwọ́ ìdarí, kí a ra tuntun.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kí ẹ tó máa dá owó. Ẹ yà á sọ́tọ̀ láti inú owó ẹrù. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí: bí ẹ bá yọ ₦500 lórí àpò kòkó kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ gbé, tí ọkọ̀ gbé àpò 16 ní ìrìn kan, ₦8,000 nìyẹn. Bí ó bá rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ₦24,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí kòkó fi ń jáde dáadáa, ₦240,000 ti wà nílẹ̀. Kí akápò fi sí àpamọ́ tirẹ̀ ní báǹkì, kí a má ṣe yá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ìbáà ṣe fún ìsìnkú. Oṣù kẹjọ, kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀, ni kí a náwó náà sórí ọkọ̀, nígbà tí mẹkáníìkì ráyè tí àwa náà sì ráyè dúró tì í.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

Kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sókè, kí ẹ sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ìgbà wo ni a pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì pikọ́ọ̀pù wa gbẹ̀yìn, ta ni ó sì lè fi ìwé rẹ̀ hàn? Àpò mélòó ni ọkọ̀ wa gbé ní ìrìn tí ó gbẹ̀yìn, ènìyàn mélòó ni ó sì jókòó lé e lórí? Bí awakọ̀ wa bá dìde lónìí pé ọkọ̀ kò yẹ ní wíwà, ta ni nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó lè pàṣẹ fún un pé kí ó wà á? Kí ẹ kọ ìdáhùn ìkẹta sínú ìwé ìpàdé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wa ní ọ́fíìsì àjọ kí ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ tó jáde.